Ọlọ́pàá Tí Ó Kọ́kọ́ Dé Ibi Jàǹbá

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020 ni Ààrẹ ilẹ̀ wa fi ọwọ́ sí Òfin Ọlọ́pàá titun, èyí tí ó gba ipò òfin àtijọ́ tí a ti ń lò láti ìgbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ka òfin náà nítorí ohun tí ó wí nípa mímú ènìyàn àti títì í mọ́lé. Ìwọ̀nba ni àwọn tí ó kíyè sí gbólóhùn kan tí ó wà ní abala kẹrin rẹ̀, níbi tí a gbé to iṣẹ́ ọlọ́pàá lẹ́sẹẹsẹ. Gbólóhùn náà wí pé kí àwọn ọlọ́pàá fi ọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú àwọn ẹ̀ka ìjọba yòókù, kí wọ́n sì ṣe ìrànlọ́wọ́ tí ó yẹ fún àwọn tí ó wà nínú ìpọ́njú, títí kan àwọn tí jàǹbá ọkọ̀ bá dé bá lójú ọ̀nà, àwọn tí iná bá jó, àwọn tí ilẹ̀ bá mì mọ́ lẹ́sẹ̀, àti àwọn tí omíyalé bá lé kúrò nílé. Òfin kò bẹ ọlọ́pàá níbẹ̀. Ó pàṣẹ fún un ni.

Ìbéèrè wa lónìí kò gùn. Ọlọ́pàá tí a pàṣẹ yìí fún, kí ni a fi lé e lọ́wọ́? Bí kọ́ńsítébù kan bá dúró ní Pen Cinema ní Agége ní agogo mẹ́wàá alẹ́, tí ọkọ̀ akẹ́rù sì gbá ọmọkùnrin kan tí ń sọdá títì níwájú rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ń tú láti itan ọmọ náà bí omi ẹ̀rọ, ǹjẹ́ kọ́ńsítébù náà mọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣe kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó kọjá? Àbí yóò kàn fọn fèrè, kí ó lé àwọn òǹwòran sẹ́yìn, kí ó sì máa wá kálàmù tí yóò fi kọ nọ́ńbà ọkọ̀?

Àwa kò bá ọlọ́pàá ṣe ọ̀tá. Ohun tí a rí ni a ń sọ. Nígbà tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ ní òru, dókítà wà ní ilé-ìwòsàn, ọkọ̀ tí ń gbé aláìsàn wà níbi tí ó ti ń dúró de ìpè, àwọn panápaná wà ní ibùdó wọn. Ọlọ́pàá nìkan ni ó wà ní ìkóríta. Kò sí ẹ̀ka ìjọba mìíràn tí ènìyàn rẹ̀ wà káàkiri àdúgbò tọ̀sán-tòru bí tirẹ̀. Nítorí náà, bí a fẹ́ bí a kọ̀, òun ni ọwọ́ àkọ́kọ́ tí ìjọba nà sí ẹni tí ó farapa, bí ọwọ́ náà kò bá sì mọ iṣẹ́, òfin abala kẹrin dà bí ìwé tí a kọ sórí omi.

A mú ọ̀rọ̀ yìí wá sí Ìkẹjà àti Agége nítorí pé kò sí ibòmíràn ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá tí ewu pọ̀ sí lójú kan tó bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà nínú àwọn òǹkàwé wa yóò rántí pé abẹ́ Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni Ìkẹjà wà kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 1967, àti pé ìjọba náà ni ó la ọgbà àwọn ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní àwọn ọdún tí ó ṣíwájú òmìnira. Guinness ti ń pọn ọtí níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Dunlop ṣe táyà níbẹ̀ títí di ọdún 2008. Láti títì Ọba Akran dé Agídìngbí, láti Ògbà dé Orégùn, ilé-iṣẹ́ fi ara kan ilé-iṣẹ́, ilé gbígbé sì wọ àárín wọn. Ọkọ̀ ojú irin ti ń gba Agége kọjá láti òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọjà sì ti tẹ̀lé ojú irin náà lọ. Pápákọ̀ òfuurufú wà níbẹ̀, báráàkì àwọn ọmọ-ogun wà níbẹ̀, ọ̀pá epo bẹntiróòlù gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá ní Abúlé Ẹ̀gbá, táńkà epo sì ń sáré lórí títì tí ó lọ sí Ìbàdàn. Nínú gbogbo ewu tí òfin 2020 dárúkọ, ilẹ̀ mímì nìkan ni àgbègbè yìí kò tíì rí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ó burú jùlọ. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, ní ìrọ̀lẹ́, iná ran ilé tí a ń kó ohun ìjà pamọ́ sí ní báráàkì Ìkẹjà. Bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí bú, àwọn mìíràn ń fò kọjá lórí òrùlé, fèrèsé ń fọ́ ní ibi tí ó jìnnà réré, ilẹ̀ sì ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ ènìyàn. Àwọn tí ó kú lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ẹ̀yin olùkọ́ ń kọ́ lónìí ni a kò tíì bí nígbà náà, ó sì yẹ kí a sọ fún wọn pé kì í ṣe bọ́ǹbù ni ó pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó kú. Omi ni ó pa wọ́n. Wọ́n ń sá lọ sí ìhà Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò nínú òkùnkùn, ìyá di ọmọ mú, ọmọ di àbúrò mú, wọ́n sì kan kànáàlì Òkè-Àfà. Koríko orí omi ti bo kànáàlì náà bí ẹni pé ilẹ̀ gbígbẹ ni. Àwọn tí ó ṣíwájú rì, àwọn tí ó tẹ̀lé wọn kò mọ̀, wọ́n sì ń tì wọ́n síwájú. Òkè-Àfà náà ni a sin ọ̀pọ̀ nínú wọn sí.

A ti gbọ́ oríṣiríṣi àròyé lórí ọjọ́ náà, èyí tí ó pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ lórí ẹni tí ó jẹ̀bi kíkó bọ́ǹbù sí àárín ìlú. Àròyé náà tọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kì í sọ. Láti ìgbà tí bọ́ǹbù àkọ́kọ́ ti bú títí di ìgbà tí àwọn ènìyàn fi dé etí kànáàlì, kò sí ẹni tí ó ní àṣẹ ìjọba tí ó sọ fún wọn pé ibí ni kí ẹ gbà, ẹ má gba ibẹ̀ yẹn. Bí ọlọ́pàá méjì péré bá ti dúró ní etí omi náà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti fèrè, tí wọ́n ń darí èrò lọ sí orí afárá, àwọn tí à bá sin ní Òkè-Àfà kì bá ti tó bẹ́ẹ̀. Èyí kò gba oògùn, kò sì gba ìmọ̀ dókítà. Ohun tí ó gbà ni pé kí àgọ́ ọlọ́pàá kọ̀ọ̀kan ti jókòó ní ọjọ́ tí kò sí ewu, kí wọ́n bi ara wọn pé: bí ilẹ̀ bá gbóná ní àdúgbò wa, ọ̀nà wo ni èrò yóò gbà, níbo ni omi wà, níbo ni afárá wà, ta ni yóò sì dúró níbẹ̀? Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Arọ tí a kò kìlọ̀ fún ni ogun ń bá nílé.

Kí a má ba à dàbí ẹni tí ń di gbogbo ẹrù lé ọlọ́pàá lórí, ó yẹ kí a fi kún un pé kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn jàǹbá náà tí àwọn ọlọ́pàá kan ní ilẹ̀ wa da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó tí ó tọ́ sí wọn. Ìjọba tí kò sanwó fún ènìyàn kò lè máa retí pé kí ó gba ìlú là.

Lẹ́yìn ti báráàkì, ọ̀pá epo bú gbàmù ní Abúlé Ẹ̀gbá ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì ọdún 2006, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn sì jóná. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2012, ọkọ̀ òfuurufú Dana tí ó ń bọ̀ láti Àbújá já lu ilé ní Ìjú-Ìṣàgá. Àwọn 153 tí ó wà nínú rẹ̀ kú tán, ó sì pa nínú àwọn tí ó wà nílé. Àwọn tí ó wà ní Ìjú ní ọjọ́ náà mọ bí ó ti rí: ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tú jáde, títì há, ọkọ̀ panápaná kò rí ọ̀nà kọjá nínú èrò. Àánú ni ó mú àwọn ènìyàn náà jáde, a kò sì gbọdọ̀ bú wọn. Ṣùgbọ́n àánú tí kò ní olùdarí a máa di ìdènà. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí a ń kọ́ ọlọ́pàá ní àwọn ìlú tí ó mọ iṣẹ́ yìí ni pé kí ó kọ́kọ́ la ọ̀nà kan sílẹ̀ tí ọkọ̀ yóò gbà wọlé, kí ó sì la òmíràn tí yóò gbà jáde, kí ó tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Jàǹbá ti ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 2023 yàtọ̀ díẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ọkọ̀ ojú irin kọlu bọ́ọ̀sì tí ó ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ Ìpínlẹ̀ Èkó lọ sí ibi iṣẹ́ ní Ṣógúnlẹ̀, ní Ìkẹjà. Ó kéré tán, ènìyàn mẹ́fà kú, ọ̀pọ̀ sì farapa. Wọ́n sáré gbé wọn lọ sí ilé-ìwòsàn ńlá ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkẹjà, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní LASUTH, tí ó jẹ́ pé ilé-ìwòsàn kékeré tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ ní ọdún 1955 ni ó dàgbà di ohun tí ó dà lónìí. Àwọn ará Èkó tò síbẹ̀ láti fi ẹ̀jẹ̀ ṣe ìtọrẹ, ìwà ọmọlúwàbí tí ó yẹ kí a máa rántí. Ṣùgbọ́n òwúrọ̀ ni, ilé-ìwòsàn sì wà nítòsí. Ẹni tí ó bá farapa ní Ìyánà Ìpájà ní òru, nígbà tí òjò ń rọ̀, kò ní oríire bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, kí ni ìtọ́jú àkọ́kọ́ yìí, tí àwọn kan ń pè ní fọ́ọ̀sì-éèdì? Kì í ṣe iṣẹ́ dókítà. Ohun tí ènìyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kí ẹ̀mí má bọ́ kí dókítà tó dé ni. Ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lára àgbàlagbà kò ju nǹkan bí lítà márùn-ún lọ. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá bá já ní itan, ẹ̀jẹ̀ tí ó tó láti pa ènìyàn lè tú jáde láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Kò sí ọkọ̀ tí ó lè ti Ògbà dé Ìkẹjà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Nítorí náà, ibi tí ó dùbúlẹ̀ sí gan-an ni a ó gbé dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró. Aṣọ mímọ́ ni a ó ká lé ojú ọgbẹ́, a ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú gbogbo agbára, a kò sì ní máa ṣí i wò ní gbogbo ìgbà. Bí ó bá jẹ́ apá tàbí ẹsẹ̀ ni, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì dá, a ó fi ọ̀já tí ó fẹ̀ di òkè ojú ọgbẹ́ náà, ní ìhà ara, a ó ki igi kékeré bọ̀ ọ́, a ó lọ́ ọ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá, a ó sì kọ àkókò tí a dì í sílẹ̀ kí dókítà lè mọ̀. Kọ́ńsítébù tí ó ti jáde ilé-ìwé mẹ́fà lè kọ́ èyí ní ọ̀sán kan.

Bákan náà ni ti ẹni tí ó dákú. Bí a bá fi í sílẹ̀ ní ẹ̀yìn rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ lè ṣubú sẹ́yìn kí ó dí ọ̀fun. Bí ó bá ń mí, ẹ̀gbẹ́ kan ni a ń yí i sí. Bí kò bá mí, a ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ kíákíá, ní ìwọ̀n 100 sí 120 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, kí àyà sì rì tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 30, a ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ọpọlọ tí kò rí atẹ́gùn fún ìṣẹ́jú mẹ́rin sí mẹ́fà ti ń bàjẹ́. Ẹni tí iná jó, omi tútù tí ń ṣàn ni a ń dà sí i fún ogún ìṣẹ́jú. Kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ti rí ohun tí a ń ṣe ní òpópónà dípò gbogbo èyí. A ó da omi lé ẹni tí ó dákú lórí, a ó fi ipá rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Ẹni méjì yóò gbé e ní ọwọ́ àti ní ẹsẹ̀ bí ẹni gbé ewúrẹ́, ọrùn rẹ̀ yóò máa fì, a ó sì ká a sí ìjókòó ẹ̀yìn nínú dáńfó. Ọ̀pọ̀ ẹni tí jàǹbá kò pa ni ìrànlọ́wọ́ ti sọ di arọ. Ọlọ́pàá a máa dúró níbẹ̀, a máa wò ó, nígbà mìíràn òun gan-an ni yóò pàṣẹ pé kí wọ́n tètè gbé e kúrò lójú títì.

Ọ̀ràn kejì tún wà tí ó burú ju àìmọ̀kan lọ, ẹ̀rù ni. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni ilé-ìwòsàn ti ń béèrè ìwé ọlọ́pàá lọ́wọ́ ẹni tí ìbọn bà kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, tí ẹni tí ó gbé e wá yóò sì di ẹni tí a dá dúró ní àgọ́ láti wá ṣàlàyé ẹnu rẹ̀. Nítorí èyí ni ọmọ ènìyàn fi ń rí ẹni tí ń kú lọ lójú títì tí yóò sì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 kọ èyí. Ó ní ilé-ìwòsàn kò gbọdọ̀ kọ aláìsàn pàjáwìrì nítorí ohunkóhun, ẹni tí ó bá sì kọ̀ ọ́ lè san ₦100,000 tàbí kí ó ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Òfin lórí àwọn tí ìbọn bà, tí a ṣe ní ọdún 2017, la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ sí i: kí gbogbo ilé-ìwòsàn gbà wọ́n, ìwé ọlọ́pàá wà o, kò sí o, kí ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́ dé ilé-ìwòsàn tí ó súnmọ́ jùlọ, kí a má sì ṣe da ìbéèrè ẹ̀gàn bo ẹni tí ó ṣe oore láti gbà wọ́n là. Ọlọ́pàá tí ó bá dúró wò títí ẹni náà fi kú lè lọ sí ẹ̀wọ̀n.

Mélòó nínú àwọn ọlọ́pàá tí ó wà ní Agége ni a ti ka òfin yìí sí létí ní èdè tí ó yé wọn? Àwa gbà pé ẹ̀kọ́ ìtọ́jú àkọ́kọ́ tí kò bá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ yóò di asán, nítorí pé ọlọ́pàá tí ó mọ bí a ti ń di ọgbẹ́ ṣùgbọ́n tí ó ka ẹni tí ó farapa sí ọ̀daràn kò ní fọwọ́ kan báńdéèjì.

Kí àwa nìkan má ba à jẹ́ onídàájọ́ ara wa, ẹ jẹ́ kí a wo òkè òkun. Ní ọdún 1877 ni a dá ẹgbẹ́ St John Ambulance sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ ará ìlú ní ìtọ́jú àkọ́kọ́. Ta ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́? Àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin, àwọn tí ń wa èédú, àti àwọn ọlọ́pàá. Ìdí rẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ àti ẹ̀rọ ti pọ̀ ní ilẹ̀ wọn nígbà náà gẹ́gẹ́ bí ó ti pọ̀ ní Ìkẹjà lónìí, òṣìṣẹ́ sì ń kú lójoojúmọ́ lórí ọgbẹ́ tí aṣọ lásán ìbá dá dúró. Friedrich von Esmarch, oníṣẹ́-abẹ ará Jámánì, rí iṣẹ́ náà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì padà lọ dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú Kiel ní ọdún 1882. Ẹ kíyè sí i pé kò kó gbogbo ará Kiel lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Òun nìkan ni ó lọ, ẹ̀kọ́ ni ó gbé wálé.

Ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1987 ni àwọn ọlọ́pàá ti ní àṣẹ láti gbé ẹni tí ìbọn bà tàbí tí ọ̀bẹ gún sínú ọkọ̀ wọn lọ sí ilé-ìwòsàn láì dúró de áńbúláǹsì. Àwọn oníṣègùn yẹ ọ̀ràn àwọn tí ó lé ní 4,000 wò, wọ́n sì tẹ ìwádìí wọn jáde ní ọdún 2014: àwọn tí ọlọ́pàá gbé kò kú ju àwọn tí áńbúláǹsì gbé lọ, nígbà tí a bá ti fi bí ọgbẹ́ ti tó wé ara wọn.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ilẹ̀ àwọn olówó ni ìwọ̀nyí, ilẹ̀ Áfíríkà ńkọ́? Ní Kumasi ní ilẹ̀ Gánà, wọ́n kọ́ awakọ̀ èrò 335 ní ẹ̀kọ́ wákàtí mẹ́fà péré. Nígbà tí wọ́n padà lọ bi díẹ̀ nínú wọn ní nǹkan bí oṣù mẹ́wàá lẹ́yìn náà, èyí tí ó ju ìdajì lọ ti fi ẹ̀kọ́ náà ran ẹni tí ó farapa lọ́wọ́. Ní Kampala ní ilẹ̀ Ùgáńdà, wọ́n kọ́ ènìyàn 307, ọlọ́pàá wà nínú wọn, awakọ̀ wà nínú wọn, àwọn olórí àdúgbò náà wà nínú wọn. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 2009. Wákàtí mẹ́fà kò tó àkókò tí ọlọ́pàá wa kan ń lò lórí ìdúró ọjọ́ kan ní ẹ̀bá títì.

Àwọn ará ilẹ̀ wa kì í ṣe àjèjì sí ẹ̀kọ́ òkèèrè. Láti ọdún 1960 ni ọlọ́pàá Nàìjíríà ti ń lọ ṣiṣẹ́ àlàáfíà lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ Kóńgò. Louis Edet tí ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ Ọ̀gá Àgbà pátápátá fún àwọn ọlọ́pàá wà lára àwọn tí ó ṣe olórí wọn níbẹ̀. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé e wọ́n lọ sí ibòmíràn, títí kan Làìbéríà. Àjọ náà kì í sì í gba ọlọ́pàá sẹ́nu iṣẹ́ láì kọ́ ọ ní ìtọ́jú àkọ́kọ́, kí ó lè dá ẹ̀jẹ̀ ẹnìkejì rẹ̀ dúró bí wàhálà bá dé. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀mí ẹni tí ń gbé ní Monrovia kò níyelórí ju ti ẹni tí ń gbé ní Agége lọ. Ohun tí a rò pé ó yẹ fún ọlọ́pàá tí ń lọ sí òkèèrè yẹ fún ẹnìkejì rẹ̀ tí ó dúró nílé.

A kò lòdì sí rírán ọlọ́pàá lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ní òkè òkun. A lòdì sí ọ̀nà tí a ń gbà rán wọn. Ọ̀gá tí ó kù díẹ̀ kí ó fẹ̀yìn tì ni a sábà ń rán lọ. Yóò lo ọ̀sẹ̀ méjì, yóò ya fọ́tò, yóò gba ìwé ẹ̀rí, yóò sì padà wá jókòó sí ọ́fíìsì níbi tí kò ti ní rí ẹni tí ó farapa títí yóò fi fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a rán sájẹ́ńtì tí ó mọ ìwé tí ó sì mọ̀ bí a ti ń kọ́ni, kí ó kọ́kọ́ bu ọwọ́ lu ìwé pé òun yóò fi ọdún mẹ́ta kọ́ ẹlòmíràn ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ọlọ́pàá Ìkẹjà nígbà tí òun bá dé. Ogún irú wọn lè kọ́ gbogbo ọlọ́pàá tí ó wà ní Ìkẹjà, Agége, Ifákọ̀ àti Àlímọ̀ṣọ́ kí ọdún méjì tó pé. Pẹ̀lúpẹ̀lù, àwọn ọmọ wa tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì àti dókítà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ bí yanrìn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wálé ní oṣù Kejìlá. Ṣé a ti bi wọ́n rí bóyá wọ́n lè fi ọjọ́ méjì nínú ìsinmi wọn kọ́ ọlọ́pàá?

Nígbà tí a ti dárúkọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìkẹjà, kò sí bí a kò ti ní rántí oṣù kìíní ọdún 2013, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n Channels fi inú ilé-ẹ̀kọ́ náà han gbogbo ayé: ilé tí ó ti jẹrà, ibùsùn tí ajá kò ní sùn sí. Ààrẹ Goodluck Jonathan lọ fi ojú ara rẹ̀ wò ó. A kò sọ èyí láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí a kọ́ nínú ẹ̀gbin kò lè rọrùn fún láti gbàgbọ́ pé ẹ̀mí ènìyàn níye lórí.

Àwọn kan yóò dá wa lóhùn pé a ti ń kọ́ àwọn ọlọ́pàá ní ìtọ́jú àkọ́kọ́ nígbà tí wọ́n wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ọwọ́ tí kò bá tún un ṣe láàárín oṣù mélòó kan ti gbàgbé rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ ohun tí a ń wí: ta ni ó kọ́ ọmọ ní ìṣirò lẹ́ẹ̀kan ní kíláàsì kìíní, tí ó sì retí pé kí ó rántí rẹ̀ nígbà tí ó bá ti bí ọmọ mẹ́ta? Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ó yẹ kí ọlọ́pàá padà sórí ẹ̀kọ́ náà, kí a sì so ìgbéga rẹ̀ mọ́ ọn. Kọ́ńsítébù tí kò lè fi ọwọ́ rẹ̀ hàn bí a ti ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró kò gbọdọ̀ di kọ́púrà.

Níti owó, a kò gbà pé kò sí. Nígbà tí a dá Àpò Owó Ọlọ́pàá sílẹ̀ ní ọdún 2019, ẹ̀kọ́ àwọn ọlọ́pàá nílé àti lókèèrè wà lára ohun tí òfin ní kí a fi owó náà ṣe, a sì ní kí gbogbo ilé-iṣẹ́ tí ń ṣòwò ní ilẹ̀ yìí dá 0.005 nínú ọgọ́rùn-ún èrè wọn sí i. Láti ọdún 2007 sì ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní àpò ètò ààbò tirẹ̀ tí ó ń ra ọkọ̀ fún ọlọ́pàá, tí àwọn ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà sì ń dá owó sí. Owó ilé-iṣẹ́ ni, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ni yóò sì jàǹfààní rẹ̀ nígbà tí ó bá ń sọdá títì lọ sí ilé ní alẹ́. Òfin ilé-iṣẹ́ wa ti pàṣẹ láti ọjọ́ pípẹ́ pé kí àpótí ìtọ́jú àkọ́kọ́ wà ní gbogbo ilé-iṣẹ́. Ọkọ̀ ọlọ́pàá tí ń kọjá níwájú géètì ilé-iṣẹ́ náà ńkọ́? Ìbọn wà níbẹ̀, pàṣán wà níbẹ̀. Ọlọ́pàá a sì máa dá awakọ̀ dúró, a máa bi í pé níbo ni ohun èlò panápaná rẹ wà; ó ń ṣe wá bíi pé kí awakọ̀ náà bi í padà pé, ọ̀gá, níbo ni báńdéèjì tiyín wà?

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú pẹ̀lú, ẹgbẹ́ yòówù tí wọn ìbáà jẹ́. Nígbà ìbò wọn a máa ṣèlérí títì, iná àti omi. A fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí ìpàdé wọ́ọ̀dù ní Ìkẹjà àti Agége bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó wá gba ìbò yín pé: ọlọ́pàá mélòó ní àdúgbò yìí ni ó mọ bí a ti ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ta ni ó kọ́ wọn, nígbà wo sì ni wọ́n tún un ṣe kẹ́yìn? Ìbéèrè tí a lè fi nọ́ńbà dáhùn ni, kò sì ṣe é fi ọ̀rọ̀ dídùn bò mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ ní tiyín ti ní ohun tí ọlọ́pàá kò ní. Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa ilẹ̀ wa, tí òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 1960, àti àwọn ọmọ Sikáòtù, ti ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé ní bí a ti ń di báńdéèjì láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ nínú yín fi wà ní ilé-ìwé. A dábàá pé kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan tí ó ní irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ ìwé sí DPO àgọ́ tí ó súnmọ́ ọn, kí ó pe àwọn ọlọ́pàá rẹ̀ wá jókòó ti àwọn ọmọ náà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan. Ojú lè ti sájẹ́ńtì kan tàbí méjì pé ọmọ ọdún méjìlá ni ó ń kọ́ àwọn. Ìtìjú náà kò ní pa wọ́n, kọ́ńsítébù tí ó wà ní Pen Cinema ní agogo mẹ́wàá alẹ́ yóò sì mọ ibi tí yóò tẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí.